Ẹni Keje Nínú Ọkọ̀ Seiun-maru

Yaizu, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 1991

Chizuru ọmọ mi,

Èyí ni ohun tí mo ti ná lórí ọkọ̀ náà láti oṣù kìíní:

Pákó hinoki: 4,200 yen
Ọ̀dà, agolo kéékèèké mẹ́fà: 900
Búrọ́ọ̀ṣì méjì: 1,100
Wáyà idẹ: 600
Awò àfọwọ́mú kan: 1,800
Gílóòbù méjì: 300

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,900. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni mo yà sọ́tọ̀. Ó ku 21,100.

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Mo fi ìṣirò ṣáájú ìkíni kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe owó ni mo ń tọrọ.

Seiun-maru ni ọkọ̀ tí mò ń wí. Hagiwara Fumi, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀, ló wá bá mi lọ́jọ́ kẹta ọdún tuntun. Ó ní, "Bàbá Noboru, ọgbọ̀n ọdún lẹ fi gbẹ́ ọkọ̀ fún àwọn tó ń ṣe nǹkan ìṣeré. Ṣé ẹ ò wá ní gbẹ́ èyí tó gbé àwọn èèyàn wa rì sínú òkun?" Ó fẹ́ gbé e sínú tẹ́ḿpìlì etíkun ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, nígbà tí a bá ń ṣe ìrántí kẹtàlá wọn. Mo gbà.

Mítà kan lára ọkọ̀ gidi, sẹ̀ǹtímítà méjì ni lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ọkọ̀ náà wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógójì. Àwọn ọkùnrin méjèèje yóò jókòó sétí ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja wọn, ọ̀gá níwájú, Noboru àbúrò rẹ lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń fi ẹni tó kéré jù sí. Mo ti lu ihò méje sétí ọkọ̀. Wáyà idẹ tó wà ní ìdí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ni yóò wọ inú ihò tirẹ̀. Ẹnì kan ò ju mìlímítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Orí rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní ojú tí ìyàwó rẹ̀ yóò dá mọ̀.

Awò àfọwọ́mú yìí ń gba ọwọ́ kan lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti ọwọ́ méjì. Wọ́n ní àwọn ará Jámánì mọ awò ṣe. Wá èyí tí wọ́n ń dè mọ́rí fún mi, èyí tó lágbára jù. Kọ iye rẹ̀ wá, màá san án. Má ṣe pè mí lórí fóònù. Owó ìṣẹ́jú kan ju oúnjẹ ọ̀sán mi lọ, mi ò sì ní gbọ́ ìdajì ohun tí o bá sọ.

Bàbá rẹ,
Tokuzo


Düsseldorf, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, 1991

Bàbá mi,

Mo tẹrí ba kí yín láti ilé ìdáná hótẹ́ẹ̀lì yìí. Ara mi le. Ọwọ́ mi ló ń rùn bí ẹja, ẹ fojú fo òórùn rẹ̀ bó bá bá ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Mo lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe ládùúgbò wa, Pohlmann lorúkọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ èyí tó lágbára jù. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń fẹ́ èyí tó lágbára jù. Bí ẹ bá ń ra bàtà, ṣé èyí tó tóbi jù lẹ máa ń rà?" Ó wá fi rúlà hàn mí. Awò tó bá sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1.75, ojú yóò jìnnà sí iṣẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 35. Ti 2.5, ogún péré. Ti 3.5, mẹ́wàá. Bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni orí yín yóò máa tẹ̀ sílẹ̀ sí i, ibi tí ẹ ń rí yóò sì máa dínkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn bí ojú yín ṣe jìnnà sí ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá jókòó dáadáa, kí ẹ kọ ọ́ wá.

Èyí tí mo rí ní awò méjì tí wọ́n ń pààrọ̀, 1.75 àti 2.5. Máàkì 96 ni. Bí máàkì kan bá jẹ́ ọgọ́rin yen, 7,680 nìyẹn. Láti fi ránṣẹ́ lójú òfuurufú, máàkì 31. Lójú omi, 12. Ojú omi ló dára, ohun tó ń lé wa kò sí. Ìrántí kẹtàlá di oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀, nígbà yẹn owó ọkọ̀ òfuurufú mi àti ti ìnáwó ilé yóò ti pé. Lọ́tẹ̀ yìí màá wálé, Bàbá. Mo ti ń kó o jọ ní máàkì àádọ́ta lóṣooṣù.

Ọmọ yín,
Chizuru


Yaizu, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, 1991

Chizuru,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo rí "ọdún tó ń bọ̀" tí o kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí òkú dúró de òun, òkú á dúró. Wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Bákan náà lo ṣe nígbà ìrántí keje. Owó tùràrí rẹ dé lẹ́yìn ọdún kan gbáko. Mo gbé e síwájú fọ́tò àbúrò rẹ, mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò ní sọ nǹkan kan báyìí náà.

Má wulẹ̀ ra awò. Mo ti lọ ra tèmi ní Shizuoka, 6,800 yen. Ti 3.5 ni. Ó ku 14,300.

Bàbá rẹ

Mo tún ṣí àpòòwé náà láti fi èyí kún un, torí pé owó òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ní lé sí i. Sakuma oníṣòwò tíì yà kí mi láàárọ̀ yìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tokuzo, ọkọ̀ lò ń kùn ni àbí imú?" Ọ̀dà funfun wà lórí imú mi lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè ni ìdí rẹ̀ ń gbá awò. Má sọ fún bàbá alágogo rẹ.


Düsseldorf, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 1991

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ni mo ṣe? Mo ka lẹ́tà yín títí, mi ò rí ohun tó bí yín nínú. Bí ó bá jẹ́ torí pé mo ń ṣírò owó, ta ló kọ́ mi? Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ iye ẹyin tí mo jẹ sórí ògiri.

Kí lẹ́tà yín tó dé ni mo ti ra awò náà. Mo fi ránṣẹ́ lójú omi ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin, mo sì tọ́jú máàkì mọ́kàndínlógún. Bí ó bá dé, ẹ bọ́ 3.5 yẹn sílẹ̀ kí ọrùn yín tó tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Gílóòbù kan ṣoṣo lẹ ń lò lókè orí, mo mọ̀ yín. Òjìji ọwọ́ yín ló ń bo iṣẹ́ yín, ẹ wá rò pé awò ni kò tó. Pohlmann ní iná méjì ni, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, kí ọ̀kan máa pa òjìji èkejì. Kí ó jẹ́ iná funfun, kì í ṣe gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń gbóná bí ààrò. Mi ò lè ra iná níbí torí iná mànàmáná wọn ju tiwa lọ ní ìlọ́po méjì; kò ní tàn dáadáa lọ́dọ̀ yín.

Ẹ ò tíì kọ bí ojú yín ṣe jìnnà sí ọwọ́ yín.

Ọmọ yín,
Chizuru


Yaizu, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, 1991

Chizuru,

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wọ̀n ọ́n.

Mo ra iná kejì, 4,500. Ó ku 9,800. Funfun ni méjèèjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Òjìji ọwọ́ mi kú lóòótọ́. Àmọ́ àwọn iná náà ní òrùka lára, bí òṣùpá tó fẹ́ mú òjò wá. Sakuma mú mi wọ yàrá tó ti ń yẹ tíì rẹ̀ wò. Ògiri dúdú ló wà yíká, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, apá àríwá ló kọjú sí. Ó ní, "Ojú tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ wo iná. Rẹ iná rẹ sílẹ̀ kí o bò ó lórí, kí iṣẹ́ nìkan rí i." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùka náà dín kù, kò lọ.

Lánàá ni Fumi wá wo ọkọ̀. Ó tẹjú mọ́ ìlà tí mo fà yí i ká. O rántí ìlà búlúù yẹn. Ó ní, "Bàbá Noboru, ìgbà wo ni ọkọ̀ wa di aláwọ̀ ewé?"

Mo ní, "Búlúù nìyẹn."

Ó gbé ọkọ̀ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ wá wò ó nínú oòrùn. Ewé tíì ni. Bí ọkọ mi bá rí i, á jáde láti inú omi wá bá yín jà."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbé agolo ọ̀dà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì àfi nígbà tí mo ka nọ́ńbà ìdí wọn. Mo ha gbogbo ìlà náà kúrò. Ọ̀dà tuntun àti ìwé ìhapákó, 450. Ó ku 9,350.

Ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó. Ẹrù rẹ kò tíì dé.

Bàbá rẹ


Düsseldorf, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, 1991

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín pẹ́. Ojú wo ni?

Ẹ bu ìrẹsì sínú abọ́ funfun. Ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ bo ti òsì, kí ẹ wò ó. Bí ìrẹsì bá yí àwọ̀ padà, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tó ń fọ abọ́ níbí, bí tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: òrùka lára iná, àwọ̀ tó ń ṣì í lójú. Ó ń ra awò lóríṣiríṣi. Àṣé kò sí awò tó lè ràn án lọ́wọ́, inú ẹyinjú ni ìkùukùu náà wà.

Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú yín kí ẹ tó gbẹ́ ẹnikẹ́ni sí i. Oṣù mẹ́tàdínlógún ló kù ká tó ṣe ìrántí. Kí lẹ ń sá tẹ̀ lé?

Chizuru


Yaizu, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, 1991

Chizuru,

Mo wo ìrẹsì. Lójú òsì, ìrẹsì ni. Lójú ọ̀tún, bí ẹni pé wọ́n da tíì sí i. Dókítà ní ìkùukùu ni, bí o ṣe wí. Wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n fi awò kékeré kan sínú ẹyinjú. Awò yẹn kò sí lára ohun tí ìwé ìtọ́jú mi ń san. 150,000 yen ni. Wọ́n ń sọ pé ìjọba lè gba owó rẹ̀ lọ́rùn wa lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, mi ò gbọ́dọ̀ tẹrí ba ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní kí wọ́n dúró.

Wàyí o, oṣù mẹ́tàdínlógún? Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?

Na ìka rẹ. Ọdún tí èèyàn kú, ìka kan nìyẹn. A kì í fo ọdún yẹn. 1979, ọ̀kan. 1980, méjì. 1981, mẹ́ta, ìyẹn ni ìrántí kẹta. 1985, keje. Máa kà á lọ. Níbo lo dé ní 1991? Kẹtàlá ni. Ọdún yìí ni, Chizuru. Oṣù kọkànlá tó ń bọ̀ yìí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́fà.

Mo rò pé o mọ̀. Mo rò pé o mọ̀, tí o sì fi owó ṣáájú àbúrò rẹ. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń gbé e mì, kò lọ.

Ẹrù rẹ dé lọ́jọ́ kẹrin. Mò ń fi 1.75 ṣe ara ọkọ̀ àti ọ̀pá ìpẹja; mo jókòó gbọọrọ, búrọ́ọ̀ṣì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mò ń fi 2.5 ṣe ojú wọn, pẹ̀lú ojú òsì mi nìkan. Ó dára.

Bàbá rẹ


Düsseldorf, ogúnjọ́ oṣù keje, 1991

Bàbá mi,

Mo ka ìka mi nínú ilé ìdáná. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé mo gé ọwọ́ mi.

Ọdún 1981 ni mo kúrò nílé, oṣù kẹrin. Ìrántí ọdún kan nìkan ni mo wà níbẹ̀ fún, ìyẹn nìkan ni a máa ń ka ọdún rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ti keje, mo ka ọdún méje, mo fi owó tùràrí ránṣẹ́, mo rò pé mo tètè. Ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Bàbá, ọdún márùn-ún lẹ fi pa á mọ́ra! Ká ní ẹ bú mi nígbà yẹn ni, ǹ bá ti mọ ìṣirò náà. Mo mọ iye tí mo jẹ lóúnjẹ láàárọ̀ yìí, mi ò mọ ọjọ́ ìrántí Noboru. Mo fi máàkì mọ́kàndínlógún pamọ́, mo sì fi ojú yín ṣòfò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Èyí ni ohun tí mo ní: máàkì 2,350. Owó ọkọ̀ òfuurufú, 2,200, bí mo bá san án kí oṣù kẹjọ tó parí. Owó ojú yín, 1,875. Àpapọ̀ méjèèjì, 4,075. Ó dín 1,725. Ọ̀kan ni mo lè ṣe.

Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́. Màá dúró de èsì títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ.

Ọmọ yín,
Chizuru


Yaizu, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, 1991

Chizuru ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí o dá ti kọjá. Ọdún àwọn òkú la ṣe: wọ́n wálé lọ́jọ́ kẹtàlá, wọ́n sì padà lánàá. Mo fẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n lọ, kí n tó dáhùn. Mo bu ìrẹsì fún ìyá rẹ, mo bu fún Noboru.

Màá wá sọ ọ́. Wálé. Fi ojú mi sílẹ̀, ọ̀kan ṣì ń ríran.

Ọkùnrin márùn-ún ti jókòó, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹkẹfà. Fumi rí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ó ń bínú. Òun gan-an ni." Ẹni keje ló kù. Mo ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ tọ̀nà, bó ṣe máa ń ká èjìká rẹ̀ sókè tọ̀nà. Ojú rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà ló ń jáde bí ojú àgbàlagbà. Mo gbé ẹ̀kẹta síwájú dígí, mo rí i pé ojú ara mi ni mò ń kùn.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ìwọ lo máa ń kun ojú àwọn atukọ̀ mi. Mo máa ń sọ fún iléeṣẹ́ pé èmi ni.

Wálé wá kun ojú àbúrò rẹ.

Bàbá rẹ


Düsseldorf, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, 1991

Bàbá mi,

Mo dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo fi ọjọ́ mẹ́rin lé e. Kò sí èsì. Mo mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yín túmọ̀ sí: ẹ ò fẹ́ gbowó ọmọ, ẹ sì fẹ́ fọ́jú. Mi ò ní gbà.

Mo lọ sí báńkì láàárọ̀ yìí. 150,000 yen ń bọ̀ lórúkọ yín. Ó ti lọ, kò ṣeé dá padà. Ẹ lọ ṣe ojú yín. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Noboru fún mi.

Chizuru


Düsseldorf, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, 1991

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé lánàá. Ó ti wà lójú ọ̀run nígbà tí mo wà ní báńkì.

Máàkì 445 ló kù lọ́wọ́ mi. Báńkì yọ ọgbọ̀n. Mo lọ bá ọ̀gá wa, Ìyáàfin Kreutz, pé kó yá mi lówó, kó sì fún mi láyè ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Chizuru, oṣù kọkànlá ni àwọn oníléeṣẹ́ máa ń dé fún ìpàtẹ ọjà. Bí mo bá jẹ́ kí o lọ, ta ló máa gé ẹja? Èmi?" Kò bú mi, òótọ́ ló sọ. Ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ní iye yẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ padà, ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò gbà.

Mo ṣírò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún ṣírò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò jáde.

Ẹ kọ̀wé. Ẹ bú mi, kí ẹ sáà kọ̀wé.

Chizuru


Düsseldorf, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá, 1991

Bàbá mi,

Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò gbé e. Mo ti ya owó ìpè sọ́tọ̀ lásán, ẹ lè bínú sí ìyẹn náà.

Chizuru


Yaizu, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, 1991

Chizuru ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mò ń ṣiṣẹ́ ni mi ò ṣe kọ̀wé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ojú òsì mi kì í fẹ́ rí ìwé mọ́. Mo gbọ́ fóònù náà. Ẹ̀mú kékeré wà lọ́wọ́ mi, apá ọkùnrin kẹfà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó dún.

A gbé ọkọ̀ wọ tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ kẹrìnlá. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án. Mo gbé e síbi fèrèsé àríwá, mo sì ní kí àlùfáà pa iná òkè. Ìlà rẹ̀ jẹ́ búlúù. Àwọn mẹ́ta wò ó bá mi nínú oòrùn kí n tó gbà.

Àwọn ìyàwó ń tò kọjá, oníkálùkù ń wá tirẹ̀. Mo fi 1.75 rẹ síbẹ̀ kí wọ́n máa gbé e wojú. Ìyá Isobe, ọ̀kan lára wọn, ò kúrò níbẹ̀ mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo, "Ìyá, ẹ jẹ́ káwa náà rí ọkọ wa!" A rẹ́rìn-ín nínú tẹ́ḿpìlì.

Fumi ló kà wọ́n. Ó fi ìka kan ihò tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní, "Bàbá Noboru, ihò kan ṣófo."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Ọdún kẹtàlá, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ sínú omi?"

Mo ní ẹni tó máa kun ojú rẹ̀ kò tíì dé. Ó ya díẹ̀ lára ìwé tí wọ́n fi wé tùràrí, ó lọ́ ọ, ó fi dí ihò náà kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.

Owó rẹ dé lóṣù kẹsàn-án. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà mo gbé e fún dókítà. Ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ni wọn yóò ṣe ojú ọ̀tún mi. Bí ó bá là, mo lè kun ojú Noboru fúnra mi. Mi ò ní kùn ún. Mo ti gbẹ́ ara rẹ̀ fún ìgbà kẹrin, ó wà nínú àpótí ìṣáná lórí tábìlì mi, kò ní ojú.

Má ra awò wá, 2.5 wà níbí. Iná méjèèjì wà níbí. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gba ọdún méjì, kó gbà á.

Ìṣirò ìkẹyìn nìyí. Àpótí onídígí tí a gbé ọkọ̀ sí, 2,400. Nínú owó ọkọ̀, ó ku 6,950; mo ti fi sílé ìfowópamọ́ lórúkọ rẹ.

Ihò: 7
Ọkùnrin tó ti jókòó: 6
Ó ku: 1

Ọrùn rẹ ló wà. A ò tíì san án.

Bàbá rẹ,
Tokuzo